Ṣíṣíwọ́ Kì í Ṣe Píparí: Ìtumọ̀ “Call It a Day”

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì rí. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lè ṣàìmọ ohun tí wọ́n ń wí nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ “call it a day” wò. “Pè é ní ọjọ́ kan” kò ní òye létí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí alágbàṣe tí ń gba owó òòjọ́: nígbà tí ó bá rí i pé ohun tí òun ti ṣe tó iṣẹ́ ọjọ́ kan, a gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1838, àwọn Òyìnbó a máa wí pé “call it half a day” bí wọ́n bá ṣíwọ́ kí ọjọ́ tó pé.

“Ṣíwọ́” gan-an ni ọ̀rọ̀ tiwa tí ó bá a dọ́gba. Ẹni tí ó ṣíwọ́ kò wí pé iṣẹ́ parí. Ó wí pé ó tó fún òní. Bí a bá sì lò ó fún ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún 30 ọdún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá.

Ìyàtọ̀ yìí ti kó ìtìjú bá èmi tìkára mi rí. Oníṣòwò pákó kan bẹ̀ mí kí n kọ̀wé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ti kó gbogbo pákó tí wọ́n béèrè dé. Kí lẹ́tà náà lè dùn, mo kọ ọ́ pé ó ti “called it a day.” Wọ́n kà á sí pé ó ti fi òwò pákó sílẹ̀, wọ́n sì wá ẹlòmíràn lọ. Oṣù mẹ́ta kọjá kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́; tèmi ni.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ẹnu, láàárín ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́. Nínú lẹ́tà òwò, bí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ “the work is completed.” Bí ẹ bá sì ń ná ọjà, tí ẹnìkejì wí pé “let us call it a day,” ẹ má ṣe rò pé ó ti gba iye tí ẹ dá, ó dáwọ́ ìnájà dúró ni. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.