Máṣíìnì ni wọ́n bẹ́rí fún, kì í ṣe èmi

Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí. Láti Sábó lọ sí Màkún, láti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ìlíṣàn, nínú òjò, nínú oòrùn. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà náà ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kóòtù dúdú lọ sílé ẹjọ́, tí mo di báàgì wíìgì mi mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí agbófinró kan tó bẹ́rí fún mi lójú ọ̀nà rí. Sátidé tó kọjá, wọ́n bẹ́rí fún mi. Ẹ má tíì kí mi kú oríire o. Máṣíìnì tí mo gùn ni wọ́n ń bẹ́rí fún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàgámù ló ra ṣọ́pà tuntun. Ẹ ti rí irú ẹ̀ nínú fíìmù: ọwọ́ rẹ̀ ga sókè bí ìwo màlúù, táyà iwájú na ara lọ síwájú bí ẹni pé ó fẹ́ sá fi ìyókù sílẹ̀, ìjókòó sì rẹlẹ̀ bí àga tìmùtìmù inú pálọ̀. Inú ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí kéèyàn gé nǹkan ni orúkọ náà ti wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé, bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tí wọn ò nílò kúrò lára alùpùpù wọn, kó lè fúyẹ́, kó sì lè sáré. Nígbà tó yá, ó di àrà, wọ́n wá ń fa ọ̀pá iwájú rẹ̀ gùn. Fíìmù Easy Rider ti ọdún 1969 ló gbé e káyé. Àwọn aláwọ̀ dúdú méjì, Ben Hardy àti Cliff Vaughs, wà nídìí bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ṣọ́pà inú fíìmù yẹn, àmọ́ nígbà tí fíìmù parí tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́, wọn ò fi tiwọn sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gùn ún dé Ìkẹ́nnẹ́ kí n sì padà. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun Bajaj nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo wá rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọkàn ọ̀rẹ́ mi ò balẹ̀ o. Ó pe ọlọ́kadà kan ní oríta, ó fún un lówó pé kó tẹ̀ lé mi lọ, kó tẹ̀ lé mi bọ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn á fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó wo ṣọ́pà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Kí n tó gbéra rárá lojú mi ti là. Bajaj tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn kò ju kílò 100 àti díẹ̀ lọ, èyí lé ní 200. Tó bá fẹ́ ṣubú, ẹ má rò pé ẹsẹ̀ kan máa gbà á dúró. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ki í sí jíà, ó bú ramúramù, àwọn tó ń to obì sínú àpò ní Sábó gbójú sókè wò mí.

Lójú ọ̀nà tó bá tọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í kánjú bíi ti ọ̀kadà. Gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán, inú ikùn lèèyàn ti ń gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi láyà, ẹsẹ̀ mi nà síwájú, mo kàn ń ṣe bíi ọba tó ń lọ sóde. Ọ̀pá iwájú tó na síta yẹn ni kì í jẹ́ kó mì: ibi tó bá ti dojú kọ, ibẹ̀ náà ló fẹ́ máa lọ. Àmọ́ ìdí kan náà ni kì í jẹ́ kó fẹ́ yí. Ibi tí ọ̀kadà ti máa ń yọ́ kọjá láàárín dánfó méjì, ṣọ́pà fẹ́ kí gbogbo ayé sún sẹ́yìn fún òun. Mo rí kòtò kan níwájú, mo tẹjú mọ́ ọn gidigidi kí n má baà kó sí i. Inú ẹ̀ gan-an ni mo kó sí.

“Lọ́yà, ẹ má wo kòtò!” Ẹ̀gbọ́n ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. “Ibi tójú yín bá ń wò ni máṣíìnì ń lọ. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà ni kẹ́ ẹ máa wò.”

Mo gbìyànjú ẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀. Ó tún rí i pé bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni mò ń tẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé tiwájú lè dà mí nù. Ó ní rárá, tiwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù, kí n kàn máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, kí n má já a gbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ka físíìsì á ní bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń dà sí. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ físíìsì, ó kàn mọ̀ ọ́n ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn la bá àwọn agbófinró kan lójú ọ̀nà. Mi ò ní sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí ṣọ́pà lókèèrè, ó gbé igi tí wọ́n fi dínà kúrò, ó dúró ṣánṣán, ó bẹ́rí: “Ọ̀gá wa! Àwọn ọmọ yín wà níbí o!” Mo juwọ́ sí i, mo kọjá. Inú dígí ni mo ti rí i tí wọ́n dá igi padà síwájú ẹ̀gbọ́n.

Mo páàkì níwájú díẹ̀. Mi ò padà. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, èmi agbẹjọ́rò tí mo máa ń kọ̀wé nípa ẹ̀tọ́ aráàlú. Mò ń sọ fún ara mi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa yí nǹkan ńlá yìí padà lójú ọ̀nà tóóró. Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá.

Ó tó ìṣẹ́jú 20 kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ní ẹ ṣe?”

“Wọn ò ní mo ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní kí n mú pátíkúlà wá, mo mú un wá. Wọ́n ní ó ku kan.”

“Kí ló kù?”

“Lọ́yà, ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù.”

Ó mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ jáde kí n wò ó. Kíláàsì A, ti máṣíìnì. Kò tíì gbó. Ó dé akoto, nọ́ńbà wà lára máṣíìnì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Mo wá fa tèmi yọ nínú pọ́ọ̀sì. Kíláàsì B: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi yọ̀ǹda fún mi láti máa wà, kò kan alùpùpù rárá. Nọ́ńbà ò tíì sí lára ṣọ́pà. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni arúfin, èmi náà ni wọ́n sì bẹ́rí fún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2012, Kíláàsì A ló fi sí alùpùpù. Kò ní kí ti mẹ̀kúnnù jẹ́ A, kí ti olówó jẹ́ nǹkan mìíràn. Akoto náà, ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó jókòó sẹ́yìn ló kàn. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009 tí FRSC ní akoto ti di dandan: àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá borí, àwọn míì dé ìkòkò, àwọn míì dé ike ọ̀dà. Gbogbo ayé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò sì béèrè iye tí wọ́n ń ta akoto gidi nígbà yẹn. Ọmọ Ìsarà Rẹ́mọ níbí ni bàbá Wọlé Ṣóyínká, òun náà ló sì kọ́kọ́ jẹ́ alága FRSC nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, torí bí èèyàn ṣe ń kú lójú títì. Ẹni tó bá ti lọ kí aláìsàn ní OOUTH ní Ṣàgámù mọ ohun tí ìjàǹbá alùpùpù ń fi ẹsẹ̀ èèyàn ṣe. Bó o wà lórí Bajaj, bó o wà lórí ṣọ́pà, egungun kan náà ni.

Kì í ṣe Rẹ́mọ nìkan. Ní Èkó, òfin ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún lé wọn kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n gbà lọ rún wómúwómú. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ power bike ń sáré kọjá lórí afárá ní tiwọn. Orúkọ ọ̀kadà gan-an, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù Okada Air ti Igbinedion la ti yá a, àwàdà àwọn tó ń bá a fò kọjá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Àwàdà yẹn ti di orúkọ tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró báyìí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Àwọn ọlọ́kadà ń gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ, wọ́n ń gbé èèyàn mẹ́ta, àwọn adigunjalè ń fi í ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, ojú mi ti rí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa dá alùpùpù dúró béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé arúfin ni wọ́n ń wá lọ́jọ́ yẹn, ó kọjá níwájú wọn, wọ́n ṣí ọ̀nà fún un. Ẹ béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ṣọ́pà bẹ́ ẹ ṣe ń béèrè lọ́wọ́ Bajaj. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sì pé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Èmi ti lọ gba fọ́ọ̀mù Kíláàsì A lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn tí mo bá níbẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó tọ́ sí mi.

Nígbà tá a dé Ìkẹ́nnẹ́, nítòsí ilé Awólọ́wọ̀, a dúró mu píọ̀ wọ́tà. Mo ní láti yí ṣọ́pà padà kọjú sí Ṣàgámù, mo sì ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Ó gùn ún, ó wo ẹ̀yìn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀.

“Ẹ ti gun irú ẹ̀ rí ni?”

“Rárá o. Òní ni.”

Mo ní ó dáa, kó kúkú gùn ún padà, kí n bá a gun Bajaj tiẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi.

“Lọ́yà, ibi tá a gbà wá la máa gbà padà. Tí wọ́n bá rí mi lórí ẹ̀, wọ́n á ní mo jí i ni.”