Àrùn Ọkọ̀ Tí Í Sá fún Mẹkáníìkì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀, ó sì kan ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀bá títì ní Ẹ̀gbẹ́dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí dánfó kan tí yóò ṣe bí ẹni pé a fà á nídìí, tí yóò já lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì tún máa bá eré rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Àwọn mẹkáníìkì a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì náà ‘ń míìsì’. Àwa yóò pè é ní ìkọsẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ìkọsẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró kò ṣòro í rí. Èyí tí ó ń dé tí ó tún ń lọ ni iṣẹ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dún geere, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ibà ti ń ṣe láti àná tí ara rẹ̀ wá tutù ní kété tí ìyá rẹ̀ gbé e dé iwájú dókítà. Mẹkáníìkì kò fẹ́ kí oníbàárà lọ lásán. Yóò ní kí ó ra púlọ́ọ̀gì. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ọkọ̀ tún kọsẹ̀, yóò ní kí ó ra pọ́ńpù epo. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bréènì-bọ́ọ̀sì. Owó ilé-ìwé ọmọ yóò ti wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin lọ, ọkọ̀ yóò sì máa kọsẹ̀ síbẹ̀. Èrò tiwa ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí kì í ṣe olè. Ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí ni a gbé fún wọn dá. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ó kọsẹ̀ gan-an ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni kì í sì í sọ ju pé, “Ọ̀gá, ọkọ̀ mi kò dáa.”

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á rántí bí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí Nicolaus Otto, ará Jámánì, ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1876, ìlànà rẹ̀ kò tíì yẹ̀: sílíńdà yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo sínú, písítìnnì yóò fún un pọ̀, iná yóò ṣẹ́ ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, àdàlù náà yóò gbiná, yóò ti písítìnnì sísàlẹ̀, èéfín yóò sì jáde. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní láti gbiná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 100. Bí díẹ̀ bá yẹ̀ nínú wọn, ara èrò yóò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ pé iná kò ṣẹ́ dáadáa, tàbí pé epo àti afẹ́fẹ́ kò ṣe déédéé, tàbí pé fáàfù tàbí ríìngì ti jẹ, tí sílíńdà kò sì lè há afẹ́fẹ́ mọ́.

Nítorí náà, kí a tó ra ohunkóhun, ìwé pélébé kan àti bírò ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìgbà wo ni ó kọsẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná gan-an, ẹ jẹ́ kí á fura sí kọ́ìlì. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ lè ti sán. Bí ooru bá mú un, ẹnu rẹ̀ a yà, bí ó bá sì tutù, a tún padà kan ara wọn. Ìdí nìyí tí ara ọkọ̀ fi máa ń yá nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn òjò ni, tàbí nígbà tí ọkọ̀ bá la ọ̀gbàrá kọjá lọ́nà Ìdímù tàbí Ìkòtún, rọ́bà tí ó bo kọ́ìlì tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì ni ó ṣeé ṣe kí ó ti là, tí iná sì ń gba ibẹ̀ sá jáde. Kí a dúró di alẹ́, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí a sì fọ́n omi díẹ̀ bí ìrì sí i lára. Bí iná aláwọ̀ aró bá ń ta pàrà, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kàn án o: fólítì 12 péré ni ti bátìrì, ṣùgbọ́n kọ́ìlì ń sọ ọ́ di èyí tí ó lé ní 10,000.

Èyí tí ó burú jù ni ìkọsẹ̀ tí ó ń wáyé nígbà tí ọkọ̀ bá gun òkè, tàbí nígbà tí awakọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kọjá tírélà. Ní àkókò náà, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú sílíńdà ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iná kò sì rọrùn láti fò kọjá nínú rẹ̀. Kọ́ìlì tí agbára rẹ̀ ti dínkù, tàbí púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti yà jù, yóò kùnà níbẹ̀, nígbà tí awakọ̀ nílò agbára jù lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bọ́ sí kòtò ni, wáyà tí ó dẹ̀ ni kí rìwáyà wá.

Epo pẹ̀lú lè jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA, tí ń mójú tó títa epo ní Nàìjíríà, kéde pé a rí bẹntiróòlù kan tí wọ́n kó wọlé, tí methanol inú rẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ, a sì kó o kúrò lọ́jà. Omi lásán a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ojú sì lè rí i. Methanol kò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó ń pò mọ́ epo. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi han akẹ́kọ̀ọ́: kí ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gaara, kí ó sàmì sí ibi tí ó dé, kí ó da epo lé e, kí ó mì ín, kí ó sì jẹ́ kí ó sinmi. Bí methanol bá wà níbẹ̀, omi yóò fà á mọ́ra, yóò sì ga ju àmì lọ. Ìta gbangba, tí iná kò sí nítòsí, ni kí ó ti ṣe é.

Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́ àti Peugeot ní Kàdúná, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ń fún sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iná. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n sì ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 gbọ́dọ̀ lè fi kóòdù sọ ohun tí ó ń ṣe é fún ẹ̀rọ àyẹ̀wò. P0302 túmọ̀ sí pé sílíńdà kejì ń kọsẹ̀. P0300 sọ pé kò mọ sí ẹyọ kan. Ọkọ̀ a tún máa pa ìrántí ìgbà náà mọ́: bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, àti eré tí ó ń sá. Àwọn kan a máa yọ orí bátìrì kí iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú. Ìwà yìí kò dára rárá, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n ń pa rẹ́.

Kóòdù kò sọ pé kí a ra kọ́ìlì o. Ibi tí ó ń dunni ni ó tọ́ka sí. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a gbé kọ́ìlì kejì sí ipò ẹ̀kẹta, kí a gbé ti ẹ̀kẹta sí ipò kejì, kí a sì wa ọkọ̀ ní irú ipò tí ó ti kọsẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kóòdù bá di P0303, kọ́ìlì ni. Bí ó bá dúró sí P0302, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà fún nọ́sù, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yí i padà, kí a wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Títí dé ibi yìí, a kò tíì ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀yà tuntun.

Bí iná ẹ́ńjìnnì náà bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn, kí awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀, kí ó sì wá ibi tí yóò dúró sí. Epo tí kò jó nínú sílíńdà ń lọ jó nínú kàtálístì tí ó wà lójú ọ̀nà èéfín (bí wọn kò bá tíì gé e tà), ooru rẹ̀ sì lè yọ́ inú rẹ̀ títí tí ọ̀nà èéfín yóò fi dí, tí ọkọ̀ kò sì ní lè sáré mọ́, bí a tilẹ̀ pààrọ̀ kọ́ìlì.