Piriton kì í ṣe oògùn oorun: Ohun tó yẹ kí ẹni tí ara ń yún mọ̀ kó tó lò ó

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá ti bo ojú ọ̀run, àwọn tó ń ta oògùn n'Ibàdàn, l'Ékòó àti l'Ábẹ́òkúta ti mọ ohun tí àwọn oníbàárà wọn máa béèrè. Ẹnì kan á ní òun ti ń sín láti àárọ̀, ojú ẹlòmíì á ti pọ́n, imú ẹlòmíì á máa ṣomi, àwọn mìíràn á sì máa họ ara. Hóró kékeré tó pupa rúsúrúsú yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà, Piriton ni wọ́n sì ń pè é, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Chlorpheniramine ni orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa fojú ohun tí kò lè pani lára wò ó.

Ara èèyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tó ń gbógun ti kòkòrò àìsàn. Nígbà mìíràn, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń ka ohun tí kò báni jà sí ọ̀tá. Ó lè jẹ́ eruku, edé, ẹ̀pà, irun ológbò, ìgbẹ́ aáyán tàbí dáì tí wọ́n fi ń pa irun láró. Ohun tí a ń pè ní èèwọ̀ ara, tàbí àlẹ́jì, nìyẹn. Bí ohun tí ara kọ̀ yìí bá ti wọlé, ara á tú èròjà kan tó ń jẹ́ histamine jáde, òun ló sì ń mú kí awọ wú, kí ara yún, kí imú máa ṣomi. Piriton àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pa histamine, wọn kì í sì í lé e jáde. Ńṣe ni wọ́n ń lọ jókòó sórí àga tí histamine fẹ́ jókòó lé, tí ìyẹn á fi máa rìn kiri láìríṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tó fi sàn kéèyàn lò ó kó tó wọ inú eruku, ju kó dúró dìgbà tí ara bá ti wú tán lọ. Ọdún 1937 ni Anne-Marie Staub àti Daniel Bovet ṣàwárí àkọ́kọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílùú Paris, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tó mú kí Bovet gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ibi tí histamine bá wà ló ti ń ṣe ọ̀tá. Nínú ọpọlọ, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú èèyàn dá kedere lọ́sàn-án. Piriton máa ń wọ inú ọpọlọ, á sì gba àga lọ́wọ́ histamine níbẹ̀ náà. Ohun tó ń fa oorun nìyẹn. Kò mọ sórí oorun nìkan o: ọpọlọ kì í tètè dáhùn mọ́, ẹsẹ̀ kì í tètè dé orí bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè máa rò pé kò sóhun tó ṣe òun. Ohun tí awakọ̀ lò lálẹ́ lè ṣì wà lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó bá ti gbé èèyàn méjìdínlógún sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọlọ́kadà, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìlagi, ẹni tó gun àkàbà láti kun ilé, gbogbo wọn lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tí kò jẹ́ wọ ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà tó mutí kì í bèèrè bóyá dẹ́rẹ́bà náà lo Piriton.

Bí wọ́n bá wá fi ọtí lé e, tàbí diazepam, tàbí tramadol, oorun ọ̀hún lè di èyí tí èémí fi ń lọ sílẹ̀. Èyí tí kò sì hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé chlorpheniramine ti wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti oògùn ikọ́ olómi tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹni tó lo oògùn ọ̀fìnkìn, tó mu oògùn ikọ́ ṣíbí kan, tó wá fi Piriton kín in lẹ́yìn lálẹ́, lè ti lo oògùn kan náà lọ́nà mẹ́ta láìmọ̀. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Fún àgbàlagbà, hóró kan, ìyẹn mìlígíráàmù 4, ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè tún un lò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju hóró 6 lọ láàárín wákàtí 24. Ìdajì rẹ̀ ni ti ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá. Ọmọ tó kéré sí ìyẹn, olómi ni tirẹ̀, kí apòògùn sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun ilé.

Ibi tó burú jù ni ti àwọn tó ń fún ọmọ ọwọ́ ní Piriton tàbí Phenergan kó lè sùn, kí wọ́n lè ráyè gbọ́ ti ọjà. Promethazine ló wà nínú Phenergan. Ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi sára rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí ó lè dá èémí ọmọ náà dúró.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí chloroquine, oògùn ibà tó máa ń jẹ́ kí ara yún ọ̀pọ̀ nínú wa bí ẹni pé wọ́n da èèsì sí i lára. Bí wọ́n bá ti ra chloroquine ni wọ́n ń ra Piriton mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ pa nyún náà fún ọ̀pọ̀ wọn, nítorí kì í ṣe histamine nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 2005 ni Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò chloroquine fún ìtọ́jú ibà, ṣùgbọ́n àṣà kéèyàn máa ra Piriton mọ́ oògùn ibà kò tíì tán nílẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, loratadine tàbí cetirizine ló yẹ kó bèèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń wọ ọpọlọ, hóró kan tó jẹ́ mìlígíráàmù 10 sì tó àgbàlagbà fún odindi ọjọ́ kan. Cetirizine ṣì máa ń kun àwọn kan lóorun, nítorí náà kí èèyàn kọ́kọ́ lò ó ní ọjọ́ tí kò ní wakọ̀. Kí ẹni tí àìsàn kíndìnrín ń bá fínra sọ fún dókítà kó tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tún yàtọ̀. Piriton lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá tí ìtọ̀ ti ń nira fún tẹ́lẹ̀, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ẹni tó ní glaucoma ga sí i, ó sì lè mú kí òòyì kọ́ ìyá àgbà tó dìde lóru, kó sì ṣubú.

Ìgbà kan wà tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni gbára lé irú oògùn yìí rárá. Bí agbọ́n bá ta èèyàn, tàbí tó jẹ ẹ̀pà tàbí tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ohùn rẹ̀ há, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, histamine nìkan kọ́ ló ń bá a jà mọ́. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí itan ló ń gba ẹ̀mí là nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì lè jẹ́ ọ̀ràn ikú àti ìyè. Kí wọ́n má ṣe jókòó ti Piriton pé ó máa tó ṣiṣẹ́. Kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó jókòó bí mímí bá ń nira fún un, kí wọ́n má jẹ́ kó dìde rìn, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù. Bí ara rẹ̀ bá sì balẹ̀ tán, kí wọ́n má ṣe kánjú gbé e padà sílé, nítorí wíwú náà lè padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.