Ọkọ̀ Ìjàpá àti Dúrọ́ọ̀mù Búréèkì Rẹ̀: Kí Ni Kí A Wò Kí A Tó Rà?

Àwọn ìdílé kan ṣì wà láàárín wa, ní Maiduguri níhìn-ín àti nílé lọ́hùn-ún, tí bàbá fi ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá sílẹ̀ fún. Ọkọ̀ náà lè ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò fún ọdún mélòó kan kí ọmọ kan tó ríṣẹ́, tí yóò sọ pé òun fẹ́ jí i dìde. Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí ó wá ẹni tí yóò kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Lẹ́yìn náà ni yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí yóò sì rán ìjókòó. Ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ jáde kí wọ́n tó rántí ohun tí yóò dá a dúró. Ohun tí ó fara sin sẹ́yìn táyà yìí, dúrọ́ọ̀mù búréèkì, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Rírà rẹ̀ ṣòro ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, ẹni tí ó bá sì ṣì í rà lè fi ohun tí ó ju owó lọ san án.

Ẹnì kan lè sọ pé ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ, pé kí ló kan ìjàpá? Ó kàn án púpọ̀. Ìjàpá ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1954, ní 1957 àti ní 1962. Lára ìjàpá náà ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà nígbà tí wọ́n ṣe Porsche 356 àkọ́kọ́ ní 1948. Nínú àlọ́, ọgbọ́n ni ìjàpá fi ń borí àwọn tí ó lè sáré jù ú lọ. Ní Safari, ó fi eré kún un.

Nílẹ̀ wa, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975, ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ìjàpá tí ó kẹ́yìn pátápátá jáde ní Mexico ní oṣù Keje, 2003. Láti ìgbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó kù fún ẹni tí ó ń wá dúrọ́ọ̀mù: kí ó ra tuntun tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, kí ó ra tòkúnbọ̀ tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn, tàbí kí ó gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ fún àwọn tí ó ń fi ẹ̀rọ yí irin, kí wọ́n ha inú rẹ̀ kí ó tún dán.

Dúrọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò irin tí kò jinlẹ̀, tí ó ń bá táyà yí. Nínú rẹ̀ ni irin méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà, àwọn tí mẹkáníìkì ń pè ní ṣúù, tí a lẹ láínìn mọ́ lẹ́yìn. Bí a bá tẹ búréèkì, òróró búréèkì yóò ti ṣúù méjèèjì síta, wọn yóò fún mọ́ ògiri inú dúrọ́ọ̀mù, ọkọ̀ yóò sì dúró. Gbogbo agbára eré tí ọkọ̀ náà ń sá ni yóò di ooru, ara dúrọ́ọ̀mù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru náà yóò sì wọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi irin tí ó nípọn ṣe é, nítorí irin tí ó nípọn ni ó lè gba ooru púpọ̀ mọ́ra.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìlú tí a ń gbé ti wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán ní Maiduguri máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó tu dúrọ́ọ̀mù lára ti gbóná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí irin bá sì gbóná, ó ń fẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá fẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì máa lọ sísàlẹ̀ sí i kí ọkọ̀ tó gbọ́. Búréèkì oní-dísíìkì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni páàdì ti ń fún un mọ́ra. Jaguar fi dísíìkì gba ipò kìíní ní Le Mans ní 1953, Porsche pàápàá sì gbé e sára 356 ní 1963. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ni ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìjàpá, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni ẹsẹ̀ yín yóò bá pàdé.

Nítorí náà, bí a ti ń ra dúrọ́ọ̀mù, bí ó ṣe nípọn tó ni mo kà sí pàtàkì jù. Fífẹ̀ inú dúrọ́ọ̀mù ìjàpá, láti ògiri kan sí èkejì, jẹ́ mìlímítà 230 nígbà tí ó wà ní tuntun. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ha á ni ó ń fẹ̀ sí i, tí irin rẹ̀ sì ń fẹ́lẹ́ sí i. Bí àfikún náà bá ti kọjá nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀, ó ti parí nìyẹn. Àwọn kan á ní, "Ẹran ṣì wà lára rẹ̀." Ojú kọ́ ni a fi ń wọn irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi irinṣẹ́ ìwọ̀n wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta: bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, dúrọ́ọ̀mù náà kò rí róbótó mọ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì máa gbọ̀n lórí búréèkì.

Tuntun tí a kò mọ orírun rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ti àtijọ́ tí ẹ tú sílẹ̀. Ti àtijọ́ ti jẹ, ó yẹ kí ó fúyẹ́ ju tuntun lọ. Bí ó bá jẹ́ tuntun ni ó fúyẹ́ jù, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ní tèmi, tòkúnbọ̀ gidi tí a ti wọ̀n dára ju irú tuntun bẹ́ẹ̀ lọ. (Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí kò kan dúrọ́ọ̀mù alumíníọ̀mù tí a fi irin tẹ́ nínú, irú èyí tí ó wà lára Porsche 356.)

Tòkúnbọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, 2024, ìsédò Alau ya, omi sì bo apá tí ó pọ̀ ní Maiduguri, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 1994. Omi bo àwọn ọkọ̀ pẹ̀lú. Dúrọ́ọ̀mù tí omi bá wọ̀ yóò dípẹtà. Ìpẹtà orí ara kò burú, a lè ha á kúrò. Èyí tí ó bá ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí ògiri inú ni yóò máa jẹ láínìn bí ẹ̀rọ gààrí ṣe ń rin ẹ̀gẹ́. Kò sì sí ohun tí ó ní kí ẹnì kan má fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn irú rẹ̀ kí ó gbé e wá sọ́jà. Inú ni kí ẹ wò. Ẹ tún so ó rọ̀ sórí okùn, kí ẹ fi irin kékeré kàn án, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìka kan ìkòkò amọ̀ kí wọ́n tó san owó. Èyí tí ara rẹ̀ pé yóò dún bí agogo. Èyí tí ó ti sán yóò dún kú.

Ẹ má ṣe fi ọdún tí a ṣe ọkọ̀ nìkan ra ọjà yìí. Àwọn ìjàpá àtijọ́ ní ihò bóòtù 5, lórí òbìrí tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 205. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ní ihò 4, lórí òbìrí mìlímítà 130. Ìyípadà náà kò wáyé lọ́jọ́ kan náà ní Jámánì àti ní Brazil, ó sì ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín láìsọ fún bàbá. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ti iwájú yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn: bíárìn ni ó ń gbé ti iwájú, ti ẹ̀yìn sì ní eyín nínú tí ó fi di ọ̀pá tí ń yí táyà mú. Eyín dúrọ́ọ̀mù rọ̀ ju ti ọ̀pá lọ, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí ó bá ti mú ṣóńṣó, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí inú rẹ̀ dán tó.

Méjì-méjì ni kí ẹ máa rà á, fún ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá fi tuntun sí apá kan, tí ẹ fi èyí tí ó ti jẹ sílẹ̀ ní apá kejì, ọkọ̀ lè máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí tírélà ti ń bọ̀.

Fún àwa tí a wà ní Maiduguri, Ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó jìn ju kìlómítà 1,400 lọ. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, kí ó kọ́kọ́ bá olùtajà ṣe àdéhùn dídá padà. Àwa tí a kọ́ fiqhi mọ̀ ọ́n sí khiyārush-sharti. Èyí tí a ń pè ní khiyārul-‘aib sì wà níbẹ̀ bí a kò tilẹ̀ bá a ṣe àdéhùn: ẹni tí ó bá rí àlébù tí ó ti wà lára ọjà kí ó tó rà á, tí a kò fi hàn án, ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Olùtajà tí ó mọ̀ pé wọ́n ti ha dúrọ́ọ̀mù kọjá ààlà, tí ó sì dákẹ́, kò lè sọ pé oníbàárà ni kò la ojú. Ọkọ̀ tí a fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé kéú ni ó ń tà á fún.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tú u, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Láínìn àtijọ́ sábà máa ń ní asbestos, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí ó fi nù ún.

Bí wọ́n bá ti dá dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn padà, nọ́ọ̀tì ńlá mìlímítà 36 ni ó ń dì í mú. Ìwọ̀n fífún rẹ̀ tó kí a fi kìlógíráàmù 30 kọ́ ẹnu ọ̀pá tí ó gùn ní mítà kan. Bí ihò rẹ̀ kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ti píìnì tí ó ń há a, kí mẹkáníìkì fún un sí i. Kò gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ ní ibi tí kò sí èrò, kí ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹwàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí láínìn tuntun lè mọ ara dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún padà wo nọ́ọ̀tì náà.