Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gbé Màmá Lọ Sínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Òkun

Àwọn ọmọ wa kan ń bẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ pé, bí ìyá tàbí bàbá wọn nílé bá fẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún, wọn kì í fẹ́ pa màlúù, wọn kì í sì í fẹ́ pe eléré. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí àgbà náà wá sí London, kí gbogbo ẹbí sì jọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá láti èbúté Southampton, kí wọ́n fi ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá rìn lórí òkun. Èrò dáradára ni, a sì fọwọ́ sí i. Ìlú ni ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Èyí tí ń jẹ́ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní àjà 20, ó lè gba èrò tí ó tó 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì lé ní 2,300. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó tú ẹrù yín. Ẹ ó sùn ní ìlú kan, ẹ ó sì jí ní òmíràn. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ó sàn ju kí ó máa ti inú bàálù bọ́ sí inú ọkọ̀ ojú irin lọ.

Ṣùgbọ́n owó kékeré kọ́ ni. Àwọn ìdílé kan ń fi ọdún kan tàbí méjì dá àjọ rẹ̀. Ibi tí owó náà sì ti lè ṣègbé kì í ṣe àárín òkun rárá. Èbúté ni, níwájú tábìlì àwọn tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, nígbà tí Màmá ti múra tán, tí gèlè ti wà lórí, tí wọ́n wá sọ pé òun nìkan kò lè wọlé.

Ìwé ìrìnnà ta ni ó le jù?

Àwọn ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán ọkọ̀: ibi ìlúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ, ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Àwa ń sọ pé kí ẹ pa ìwé ìpolówó náà dé ná, kí ẹ kó ìwé ìrìnnà gbogbo yín jọ sórí tábìlì kan. Nínú ilé kan ṣoṣo, àwọn ọmọ lè ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí bàbá wọn ní ti Nàìjíríà pẹ̀lú ìwé àṣẹ àtimáa gbé London títí, kí Màmá sì wà lórí físà àlejò. Ọkọ̀ kan náà ni ẹ ó wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin yóò wò yín. Ẹni tí ìwé tirẹ̀ le jù ni yóò yan ọ̀nà fún gbogbo yín.

Nọ́wè, Sípéènì, Pọ́túgà, Faransé àti Ítálì, tí àwọn ọkọ̀ láti Southampton sábà máa ń lọ, gbogbo wọn ni ó wà lábẹ́ físà Schengen. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ọmọ Nàìjíríà. Ìwé àṣẹ àtimáa gbé London títí kò ṣí i pẹ̀lú. Nítorí náà bàbá àwọn ọmọ náà nílò Schengen, Màmá náà nílò rẹ̀. Bàbá lè tọrọ tirẹ̀ ní London nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ti Màmá yàtọ̀: ibi tí ènìyàn ń gbé ni òfin sọ pé kí ó ti tọrọ rẹ̀, àlejò sì ni Màmá ní London. Nàìjíríà ni kí ó ti gbà á, kí ó tó wọ bàálù. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ó padà lọ sílé.

A lè tọrọ físà yìí láti oṣù mẹ́fà kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, Yúrò 90 ni àgbàlagbà ń san. Ẹ ó mú ìwé adójútòfò ìlera dání, èyí tí ó tó 30,000 Yúrò ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ púpọ̀ jù ni ẹ ó tọ̀ lọ. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ dé ni. Ẹ wo ìwé ìrìnnà náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ó gbọdọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò ní ilẹ̀ wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan tilẹ̀ ń béèrè oṣù mẹ́fà.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń fara pa mọ́. Iye ìgbà tí físà náà gbà yín láàyè láti wọlé ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá kúrò ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí ó yà ní Tọ́kì, tí ó sì padà sí Gíríìsì, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen, ẹ sì tún fẹ́ wọlé. Ẹni tí a kọ ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan fún ti parí tirẹ̀. Bákan náà, ẹ rí i dájú pé físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá fi wọlé kò ní tíì kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá padà sí Southampton.

Àwọn kan yóò ní, ‘Ẹ jẹ́ kí a kúkú yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì po, kí ọ̀ràn físà má sí.’ Ọkọ̀ tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yà ní Dublin tàbí Cobh, Ireland sì ní físà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ka orúkọ gbogbo èbúté náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin físà wọn fún àwa ọmọ Nàìjíríà ti yí padà gan-an láti ọdún 2025. Ẹ má fi ohun tí ẹnìkan ṣe ní ọdún 2019 ṣe àpẹẹrẹ.

Òkun kò rí bákan náà níbi gbogbo

Bí físà bá ti yanjú, ẹ wá lè yan ọ̀nà. Ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè ni àwa yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún àgbà tí kò wọ ọkọ̀ òkun rí. Ẹ ó kọjá Òkun Àríwá ná, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ kan àbọ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò wọ àárín àwọn òkè gíga tí omi òkun wọ àárín wọn, omi ibẹ̀ sì máa ń pa rọ́rọ́. Bergen, Stavanger, Geiranger, ẹ ó máa rí omi tí ń ya láti orí àpáta bí ẹ ti jókòó sórí àga yín. Ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Bergen títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Màmá yóò máa béèrè pé ìgbà wo ni ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ mú súwẹ́tà dání, nítorí òjò àti òtútù wà níbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá.

Bí ẹ bá ń lọ sí Sípéènì tàbí Pọ́túgà láti Southampton, ẹ ó gba Ìyawọlẹ̀ Omi Biscay kọjá, ìgbì ibẹ̀ sì lókìkí. Ẹni tí òòyì máa ń tètè kọ́ lè fò lọ sí Barcelona, kí ó ti ibẹ̀ wọkọ̀. Àgbègbè Caribbean ń kọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle wọn. Owó a máa dínkù nígbà náà, ọkọ̀ sì lè yí ọ̀nà padà lójijì. Níbikíbi tí ẹ bá ń lọ, yàrá tí ó wà ní àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ìmì rẹ̀ kéré jù. Kò sídìí láti sanwó púpọ̀ lórí èyí tí ó wà lókè téńté.

Iye tí wọ́n kọ àti iye tí ẹ ó san

Iye tí ẹ ń rí lórí ìwé ìpolówó, ti ẹnìkan ni, bí ẹni méjì bá wà nínú yàrá kan. Opó tí ó fẹ́ dá sùn lè san fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí náà ẹ bi Màmá léèrè bóyá ó lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sùn. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn-àjò orí ilẹ̀ àti ọtí kì í sábà sí níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún ń yọ owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ kékeré. Àwọn mìíràn ti kà á mọ́ owó ọkọ̀. Ẹ béèrè. Ní ti ọtí àti ilé tẹ́tẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ gbàgbọ́, a kò ní tún un sọ. Ohun tí ó kan àpò yín ni pé bí wọ́n bá ní kí ẹ ra ètò ohun mímu, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń fi dandan mú gbogbo àgbà inú yàrá náà láti rà á. Omi àti tíì ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi oúnjẹ.

Ẹ ó san àsansílẹ̀, ìyókù a sì máa tó san ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe òpin àjọ yín, kì í ṣe ọjọ́ ìrìn-àjò. Bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan nínú ìjọ bá sì ní òun ń kó èrò jọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fún yín, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín kí ẹ gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu wọn. Ìfẹ́ ará kò dí ìwé ìsanwó lọ́wọ́.

Ara àgbà, oyún, ọmọ ọwọ́

Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni ẹ ó fi rí i. Bí àìsàn bá le, hẹlikópítà lè wá gbé ènìyàn, owó rẹ̀ sì lè ba ìdílé jẹ́. Ẹ ra adójútòfò tí ó sọ pé òun bo ìrìn-àjò ojú omi, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ Màmá. Bí ẹ bá fi pa mọ́, wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní London kì í ta fún ẹni tí kì í gbé ibẹ̀, nítorí náà ẹ wá ti Màmá lọ́tọ̀. Kí oògùn rẹ̀ wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n ń gbà ní èbúté.

Ní àwọn ibì kan ọkọ̀ kì í lè sún mọ́ ilẹ̀; ọkọ̀ kékeré ni ó ń gbé èrò dé èbúté, ẹni tí kò lè gbẹ́sẹ̀ dáadáa kò sì ní lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó yan ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba aboyún tí oyún rẹ̀ yóò pé ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìn-àjò tó parí, wọn kì í sì í gba ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ la òkun ńlá já, ọdún kan ni. Òbí tí ń dá mú ọmọ lọ, ní pàtàkì bí orúkọ ìdílé wọn bá yàtọ̀, kí ó gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ òbí kejì.

Ìgbà tí ẹ bá ti wọlé

Wọ́n a máa gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ èrò nítorí iná, nítorí náà ẹ lọ léèsì àti aṣọ òkè yín láti ilé. Wọn kì í gba ọbẹ̀ tí ẹ sè nílé. Ata gígún tí ilé-iṣẹ́ dì sínú ike kò sábà dá wàhálà sílẹ̀, ó sì lè gba Bàbá lọ́wọ́ ebi, nítorí oúnjẹ wọn tutù lẹ́nu. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi máa fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Òróró afọwọ́ nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò norovirus tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru nínú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọn yóò pè yín láti kọ́ ibi tí ẹ ó sá lọ bí ewu bá dé. Ẹ má ṣe rán ọmọ kan lọ ṣojú yín. Nígbà tí Costa Concordia rì lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, àwọn èrò wà nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹni 32 ni ó kú. Láti ọdún 2015 ni òfin ti sọ pé a gbọdọ̀ kọ́ ọ kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí kété tí ó bá gbéra.

Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ti ìlú tí ẹ dé. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni ó ṣètò ìrìn-àjò orí ilẹ̀ tí ẹ lọ, yóò dúró dè yín. Bí ẹ bá dá lọ sí ọjà fúnra yín tí ẹ sì pẹ́, yóò lọ. Ẹ ya ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àti físà Màmá sínú fóònù yín, kí ẹ sì tún fi ẹ̀dà kan sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.