Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin: Ṣé Kí Ó Tà Á Ni?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan a máa gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí òkìtì iyanrìn, fún eré ìdárayá lásán. Banshee ti Yamaha jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀. Láti 1987 títí dé 2006 ni wọ́n tà á níbẹ̀. Ẹni tí ó ní i a pààrọ̀ páìpù èéfín rẹ̀, a na ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, a sì fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ìnáwó bá wá sú u, a bẹ̀rẹ̀ sí wo Raptor 700 tàbí YFZ450R.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé owó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ tán. Ẹni tí ń rajà ọwọ́ kejì a máa fura sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú. Bí ó bá fẹ́ tà á, kí ó dá ohun tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ padà sí i, kí ó ta àwọn olówó ńlá wọ̀nyẹn lọ́tọ̀.

Raptor kò fẹ́ kí á po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò bíi ti Banshee. Ó sì lè rìn sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Banshee kò lè ṣe é, àfi kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kí ó fà á. (Ẹ wo ẹni tí ó há sínú iyanrìn lọ́sàn-án gangan!) YFZ450R, ti pápá ìdíje ni.

Ní tèmi, bí bíréèkì Banshee náà kò bá ti kápá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́, kí ó tà á, nítorí ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé oṣù mẹ́ta kò ní í pé tí òun yóò tún máa tú Raptor, kí ó mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dání.