Kámẹ́rà Kò Mọ Funfun Lékèélékèé

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀ kí a tó dé etí ọ̀sà, lẹ́yìn Yunifásítì ìlú Èkó, ní Àkọkà. Àárọ̀ ni mo fẹ́ ká wá, ẹ̀gbọ́n onífọ́tò tí mo tẹ̀ lé ló kọ̀. Ó ní orí ọ̀sà yìí gan-an ni oòrùn àárọ̀ ti ń yọ. Ojú wa ni yóò máa tàn sí, ẹyẹ á wá dúdú bí èédú. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà, ara ẹyẹ ló ń tàn sí.

Afárá Third Mainland nà gbọọrọ lórí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Lékèélékèé kan dá dúró létí omi, kò mira.

"Wo ẹnu rẹ̀," ẹ̀gbọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹnu dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ ìyeyè. Kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri. Ẹnu tìyẹn kì í sábà dúdú. Ẹja ni tiwa ń ṣọ́.

Mo yà á. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹyẹ ti di òwú tí wọ́n jù sómi, ìyẹ́ kan ò hàn lára rẹ̀.

"Omi dúdú ló gba ojú fọ́tò rẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kámẹ́rà rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ló bá bu ìmọ́lẹ̀ kún un."

Ó ní kí n dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1, kí n gbé ìyára kámẹ́rà sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá torí ẹyẹ lè fò nígbàkigbà, kí n sì sún mọ́lẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ń kí bàbá ìyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹ́ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tí funfun ẹyẹ bá wá gba gbogbo ojú fọ́tò ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí o fi ìmọ́lẹ̀ kún un nígbà yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kámẹ́rà á sọ funfun di eérú."

Ní yàrá rẹ̀ ní Yábàá, ó ṣí fọ́tò méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà. Ó rọ ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ títí. Òwú ṣì ni. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jó, àtúnṣe kò lè hù ú níyẹ̀ẹ́. Ìkejì ló gé: ìdajì òró, ìdajì ìbú. Mílíọ̀nù 24 píksẹ́lì ṣẹ́ ku 6, ó tó fún ojú fóònù. Ó fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹnu ẹyẹ ju ti ẹ̀yìn lọ. "Má mọ ògiri dí i lójú," ló wí. Ó tan ojú ẹyẹ díẹ̀, ó tán.

Mo nawọ́ sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó léfòó nídìí ẹsẹ̀ ẹyẹ. "Ẹ jẹ́ ká pa èyí rẹ́."

"Ká ní etí fọ́tò ló wà ni, màá gé e. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹyẹ yìí ti ń ṣọ́ ẹja."

Ọ̀rá náà ṣì wà níbẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń dán lára rẹ̀.